Ẹsẹ̀ kan, ẹ̀wọ̀n oṣù 18, owó oṣù ₦35,000: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba ibẹ̀ kọjá, ẹ bá mi dá sí i

BàbáÌbejì_Olómi

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ níbí láì dá sí i. Lónìí, omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Ọmọ ọdún 41 ni mí. Fóònù ni mo ń tún ṣe tẹ́lẹ̀, mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lágbègbè Queen Cinema níbí n'Íbàdàn. Lọ́dún 2016, ọkadà gbé mi ṣubú sábẹ́ tírélà, wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún mi lábẹ́ orúnkún. Ìyẹn ò dá iṣẹ́ mi dúró, torí ọwọ́ ni mo fi ń ṣe é. Ohun tó dá a dúró ni fóònù mẹ́ta tí mo rà lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan lọ́dún 2022. Mo rí i pé owó tó pè é ti wálẹ̀ jù. Mi ò bi í níbi tó ti rí i. Àwọn tó ni fóònù tọpa rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi, mo sì ṣẹ̀wọ̀n oṣù 18 l'Ágodi.

Nígbà tí mo fi máa jáde, ṣọ́ọ̀bù ti di ti ẹlòmíì, irin iṣẹ́ ti fọ́n ká. Iṣẹ́ tí mo rí ni kí n máa ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí kan lóru, ₦35,000 lóṣù. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Alẹ́ 26 ni mò ń lọ. ₦400 ni àlọ, ₦400 ni àbọ̀. ₦20,800 nìyẹn lórí ọkọ̀ nìkan. ₦14,200 ló ń dé ilé. Ẹni tó ní ẹsẹ̀ méjì á rìn dé títì, owó ọkadà á kúrò níbẹ̀. Èmi ò lè fi ọ̀pá rin ọ̀nà yẹn lóru. Ìyàwó mi ń ta ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, ọjọ́ tí ọjà bá dáa ó lè jèrè ₦2,000. Owó ilé wa, ₦150,000 lọ́dún, ó ku oṣù mẹ́rin kó pé.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti rí iṣẹ́ tó dára ju èyí lọ. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì, fọ́ọ̀mù onídùúró ló lé mi padà. Àbúrò mi tó jẹ́ olùkọ́ ní òun ò lè fi orúkọ òun sílẹ̀ fún ẹlẹ́wọ̀n. Báyìí ló ṣe sọ ọ́.

Ìbéèrè mi: báwo lẹ ṣe ń mú owó báyìí dé òpin oṣù? Ta ló ń dúró fún irú wa? Ṣé kí n máa sọ pé mo ti ṣẹ̀wọ̀n ni àbí kí n gbé e mì?

ÌyáẸlẹ́lùbọ́

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Fi ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n sílẹ̀ ná, àwọn ọ̀mọ̀wé á bá ọ sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni kí a mú. Iṣẹ́ tó ń gba ju ìdajì owó oṣù lọ kí o tó débẹ̀, ẹgbẹ́ onímọ́tò lò ń bá ṣiṣẹ́, kì í ṣe ọ̀gá rẹ. Bá ọ̀gá náà sọ ọ́ pé kí o máa wọlé lálẹ́ ọjọ́ Ajé, kí o sùn síbẹ̀ di Ọjọ́rú, kí o lọ sílé, kí o tún padà. Ẹni tó ń ṣọ́ ilé tó sì ń gbé inú rẹ̀, ọ̀gá kì í kọ̀ ọ́.

Oúnjẹ: má ra nǹkan ní dẹ́rìkà mọ́. Àwa mẹ́rin la jọ ń da owó pọ̀ ládùúgbò wa, a ó lọ Bódìjà, a ó ra àpò ẹ̀wà kan, a ó fi kóńgò pín in lójú ara wa. Kóńgò tìrẹ ni kí o mú dání. Èyí tó wà lọ́wọ́ àwọn alárọ̀bọ̀ àdúgbò, wọ́n ti fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọnú. Ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, wàá rí i. Epo pupa, oṣù kẹta sí ìkarùn-ún ló máa ń rọ̀ ní wẹ́rẹ́, ìgbà yẹn ni kí ìyàwó rẹ rà á pamọ́. Ẹ̀wà, ó di bíi oṣù kọkànlá, tí tuntun bá dé láti Òkè Ọya. Ẹni tó ń se mọ́ínmọ́ín tà tó ń ra ẹ̀wà lóṣù keje, èrè rẹ̀ ló ń jẹ yẹn.

Owó ilé: ẹ jọ máa dá ₦300 lójúmọ́ fún alájọ. Bí alájọ bá yọ ti ọjọ́ kan tirẹ̀ lóṣooṣù, oṣù mẹ́rin á fún ọ ní ₦34,800. Kò tó. Ṣùgbọ́n lọ bá lánlọ́ọ̀dù nísinsìnyí tí kò tíì bínú, sọ fún un pé wàá máa san án díẹ̀díẹ̀. Lánlọ́ọ̀dù tó rí ₦34,800 lójú ara rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó rí ẹ̀bẹ̀ lásán.

Ẹlẹ́sẹ̀Kan_Abẹ́òkúta

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìfaradà. Tèmi, ẹsẹ̀ òsì ni, láti kékeré. Kí n tó sọ nǹkan mìíràn: ọ̀pá abẹ́ abíyá yín ń kọ́? Ṣé róbà ṣì wà ní ìdí rẹ̀? Mò ń béèrè torí pé ẹni tó ń ṣọ́ ilé lóru nínú òjò, lórí sìmẹ́ńtì tó ń dán, bí róbà yẹn bá ti jẹ tán tó ku irin, ìṣubú kan ṣoṣo ló kù tí ẹ ó fi pàdánù iṣẹ́ náà. Èyí tí wọ́n ń tà nílé olóògùn wọ́n. Ẹ gbé ọ̀pá lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà, kó gé táyà àlòkù ní róbóńdó, kó fi ìṣó kékeré àti gọ́ọ̀mù mú un. Ó ń pẹ́ ju ti òyìnbó lọ.

Òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe ya akanda ẹ̀dá sọ́tọ̀, Ààrẹ Buhari bu ọwọ́ lù ú ní oṣù kìíní ọdún 2019. Ó ní kí iléeṣẹ́ ìjọba rí i pé ó kéré tán, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ wọn jẹ́ akanda ẹ̀dá. Mi ò ní tàn yín: mo kọ lẹ́tà mẹ́fà nítorí ìdá márùn-ún yẹn, ẹyọ kan ni wọ́n fèsì sí, wọ́n sì ní kò sáàyè. Apá òfin yẹn tó ń ṣe mí láǹfààní lójoojúmọ́ ni ti ìlà. Níbi tí èèyàn bá ti tò, àwa ni kí wọ́n kọ́kọ́ dá lóhùn. Báńkì, ọsibítù, ibi tí wọ́n ti ń ṣe NIN. Ẹ má bẹ̀ wọ́n o. Ẹ rìn lọ síwájú, ẹ kí wọn dáadáa, ẹ sọ pé òfin ni. Wákàtí mẹ́ta tí ẹ ò fi dúró, owó ni.

Ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ àpapọ̀ wa, JONAPWD, ní ẹ̀ka ìpínlẹ̀ yín. Ẹ má tìtorí ìrẹsì lọ. Àwọn tó ń gbé àpò ìrẹsì kan wá pẹ̀lú kámẹ́rà mẹ́ta, mo ti sá fún wọn. Ẹ tìtorí lẹ́tà lọ. Lẹ́tà tí ẹgbẹ́ bá kọ máa ń wọlé síbi tí ẹnu tiwa ò dé.

Ọmọ_Sángo

Ẹ má bínú sí mi o. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti já fóònù gbà lọ́wọ́ mi, ìkejì, ọ̀bẹ ni wọ́n yọ. Bí kò bá sí ẹni tó ń rà á, kò ní sí ẹni tó ń jí i. Àánú ẹsẹ̀ yín ṣe mí, àmọ́ ti fóònù yẹn ò kàn mí.

BàbáÌbejì_Olómi

@Ọmọ_Sángo, òótọ́ lo sọ. Mi ò ní àwíjàre kankan. Ẹ má bá a jà nítorí mi.

ỌmọỌgbà_Tẹ́lẹ̀

Bọ̀dá mi, ọdún méjì àtààbọ̀ ni mo lò ní Kíríkìrì. Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, ATM ni mí. Bẹ́ẹ̀ là ń pe àwọn tí wọn ò tíì dá ẹjọ́ wọn; kì í ṣe pé owó ń jáde lára wa.

Ní ti kí ẹ sọ ọ́ àbí kí ẹ gbé e mì, mo ti ṣe méjèèjì. Lákọ̀ọ́kọ́, mo gbé e mì. Mo wọ iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe ike, mo ṣe dáadáa, wọ́n tilẹ̀ fẹ́ fi mí ṣe olórí ìṣọ̀wọ́. Oṣù kẹrin, ẹnì kan tí a jọ wà nínú ọgbà wá gba iṣẹ́ síbẹ̀, ó rí mi, ó pariwo orúkọ ìnagijẹ tí mò ń jẹ́ nínú ọgbà lójú gbogbo èèyàn. Kò mọ̀ọ́mọ̀. Ọjọ́ kejì, wọ́n ní kí n má wá mọ́. Ohun tí ọ̀gá sọ fún mi ni pé kì í ṣe ẹ̀wọ̀n ló bí òun nínú, bí mo ṣe ń bá òun jẹun fún oṣù mẹ́rin láì sọ ọ́ ni.

Lẹ́ẹ̀kejì, ìyá kan tó ń rán sálúbàtà ni. Mo ti kọ́ iṣẹ́ bàtà nínú ọgbà. Mo sọ fún un kó tó bi mí. Ó wò mí títí. Ó ní kí n máa gba owó mi lójoojúmọ́, kí n má sì retí kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù kó tó di oṣù mẹ́ta. Mo gbà. Ó tó oṣù márùn-ún kó tó fún mi ní kọ́kọ́rọ́, àmọ́ ó fún mi. Òun náà ló buwọ́ lu fọ́ọ̀mù ilé tí mò ń gbé báyìí. Torí náà, tèmi ni pé ẹni tó máa fún yín ní kọ́kọ́rọ́ tàbí tó máa fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún yín, ẹ sọ fún un. Aládùúgbò tó kàn fẹ́ gbọ́ kó lè rí nǹkan sọ, ẹ kí i, ẹ kọjá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jìnnà sí àwọn áàpù tó ń yáni lówó lórí fóònù. Mo yá ₦15,000 lọ́dún tó kọjá, ọjọ́ méje ni wọ́n dá fún mi. Ọjọ́ kẹjọ, wọ́n fi àtẹ̀ránṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo nọ́ńbà tó wà lórí fóònù mi pé olè ni mí. Ẹlòmíì, wọ́n á fi ti ẹ̀ rẹ́rìn-ín. Tèmi, àna mi gbà á gbọ́ lójú ẹsẹ̀. FCCPC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, ti ṣe òfin nípa ìyẹn láti 2022, a sì lè kọ ẹ̀sùn sí wọn, àmọ́ ìgbà tí wọ́n fi máa dá sí i, ilé ti dàrú.

Lọ́yà_Mọ́kọ́lá

Mo fẹ́ ya ọ̀rọ̀ méjì kan sọ́tọ̀ fún gbogbo ẹni tó ń kà á. Ẹni tó ṣẹ̀wọ̀n lẹ́yìn tí adájọ́ dá a lẹ́bi, àti ẹni tó pẹ́ lẹ́wọ̀n títí tí wọ́n fi da ẹjọ́ rẹ̀ nù, wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Ẹnì kejì kò jẹ̀bi nǹkan kan. Kó lọ sí kóòtù náà, kó gba ẹ̀dà ìdájọ́ tí wọ́n lu òǹtẹ̀, kó ṣe é ní fọ́tòkópì márùn-ún. Mo ti rí ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní ẹlẹ́wọ̀n fún ọdún mẹ́fà nígbà tó jẹ́ pé ilé ẹjọ́ ti ní kó máa lọ lálàáfíà.

Ti Bàbá Ìbejì yàtọ̀, wọ́n dá yín lẹ́bi. Bí fọ́ọ̀mù bá béèrè, ẹ má kọ irọ́ sílẹ̀, torí irọ́ orí ìwé lè di ẹjọ́ tuntun. Bí kò bá béèrè, kò sí dandan pé kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Òfin iléeṣẹ́ ọgbà àtúnṣe ti 2019 fàyè gba ìwé ẹ̀rí ìwà rere fún ẹni tó bá yẹ nígbà tó ń jáde, ó sì ní kí wọ́n má fi ẹ̀wọ̀n ya ẹni tó gbà á sọ́tọ̀. Ṣé wọ́n fún yín? Ọ̀pọ̀ kì í béèrè, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n máa ń wò. Ẹ padà sí Agodi, ẹ béèrè àwọn tó ń mójú tó ẹni tó ti jáde, ẹ mú ìwé ìtúsílẹ̀ yín dání. Bí wọ́n bá dá yín padà, ẹ lọ sí ọ́fíìsì Legal Aid Council. Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò bá ju owó oṣù tó kéré jù lọ ni wọ́n ń ràn lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ₦70,000 sì ni owó náà láti oṣù keje 2024. Ẹ yege.

Ẹnì kan á fẹ́ béèrè pé kí ló dé tí wọ́n ń san ₦35,000 fún un. Òfin owó oṣù tó kéré jù lọ yọ agbanisíṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀. Ó dùn mí, àmọ́ bẹ́ẹ̀ ló wà.

Àǹtí_Manchester

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kàn ní kí n fi ti ibí kún un. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1974 ni òfin ti wà pé ẹ̀wọ̀n lè gbó. Bó ṣe wà báyìí, tí wọ́n bá jù ọ́ sẹ́wọ̀n tó lé ní ọdún kan tí kò ju mẹ́rin lọ, tí o sì parí rẹ̀, tí ọdún mẹ́rin kọjá tí o kò dáràn mìíràn, o ò ní láti sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́ mọ́. Àwọn iṣẹ́ tí wọ́n yọ sílẹ̀ ni irú iṣẹ́ ọmọdé àti ìtọ́jú arúgbó. Ìtọ́jú arúgbó yẹn gan-an sì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣe níbí, torí náà àwọn ọmọ wa tó ti kó sí wàhálà kì í rí ibi tí ìyá wọn máa mú wọn wọ̀.

Nọ́ọ̀sì_Ojúlé

Kúkúrú ni tèmi. Bàbá Ìbejì, ẹ mú NIN yín lọ sí ilé ìlera alábọ́ọ́dé tó wà ní wọ́ọ̀dù yín, ẹ béèrè bóyá wọ́n ń kọ orúkọ àwọn aláìní sílẹ̀ fún ìtọ́jú ọ̀fẹ́. Owó kan wà tí òfin ìlera ti 2014 yà sọ́tọ̀ fún irú rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ibi ló ń ṣiṣẹ́, ẹ tẹra mọ́ béèrè. Bẹ́ ẹ bá ń lo ẹsẹ̀ àtọwọ́dá tàbí tí ẹ fẹ́ ṣe é (ọsibítù eegun Igbobi l'Ékòó ń ṣe é, owó rẹ̀ kò kéré), ẹ máa fi díńgí kékeré wo ìsàlẹ̀ kùkùté ẹsẹ̀ yẹn lálaalẹ́. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ. Egbò kékeré tí ẹ ò rí ló ń kó owó oúnjẹ lọ sí ọsibítù.

Ẹnjiníà_Fóònù

Ó yà mí lẹ́nu pé kò sẹ́ni tó tíì sọ ọ́: èwo ni kí ẹni tó mọ fóònù í tún ṣe máa ṣọ́ ilé? Iṣẹ́ yín ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹ̀gbọ́n. Ojú tí àwọn èèyàn fi ń wò yín ló ní ìṣòro, ìyẹn sì ṣeé tún ṣe bí a ṣe ń tún páńẹ́ẹ̀lì ṣe.

Ohun tí mò ń ṣe rè é, tí mi ò tilẹ̀ ṣẹ̀wọ̀n. Mo ra ìwé ńlá kan, èyí tí àwọn olùkọ́ fi ń pe orúkọ. Fóònù tó bá dé, kí n tó tú ìdè kan, oníbàárà á tẹ *#06# níwájú mi, IMEI, nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù náà, á jáde, màá kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀, ohun tó ní ó ń ṣe fóònù, á sì buwọ́ lù ú. Bí fóònù bá ti kú pátápátá, ẹ wo ara páálí rẹ̀ tàbí inú ibi tí síìmù ń wọ̀, ọ̀pọ̀ máa ń ní in níbẹ̀. Ẹni tí kò bá gbà, kó gbé e lọ. Ẹ má ra àlòkù rárá, kì báà jẹ́ ti bíṣọ́ọ̀bù. Iná tí kò wọlé, ojú tó fọ́, bátìrì, ìyẹn nìkan. Oníbàárà ni kó kọ́kọ́ san owó ẹ̀yà tí ẹ fẹ́ rà, torí náà ẹ ò nílò owó ńlá láti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ gbé ìwé yẹn lọ sọ́dọ̀ alága àwọn onífóònù ládùúgbò yín. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún un, àti ẹ̀wọ̀n, àti fóònù mẹ́ta. Ẹ ní kó máa yẹ ìwé náà wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Onídùúró tẹ́ ẹ̀ ń wá kiri, ibẹ̀ ló wà.

BàbáÌbejì_Olómi (ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn náà)

Mo ní kí n padà wá sọ bó ṣe lọ, torí inú máa ń bí mi tí ẹni tó béèrè bá sọnù.

Ọ̀gá gbà kí n máa sùn síbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mò ń wọkọ̀ lọ lọ́sẹ̀ báyìí. Lóṣù yìí, ₦9,600 ni owó ọkọ̀ mi. Ìbejì ò fẹ́ràn rẹ̀ pé mi ò sí nílé, ìyẹn ń dùn mí.

Agodi: wọ́n ní kí n padà wá, mo padà, wọ́n tún ní kí n padà wá. Mo ṣì ń lọ. Lánlọ́ọ̀dù: ìyá wa ẹlẹ́lùbọ́, ẹ ṣeun, ó gbà kí n san án ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, àmọ́ ó ní kí n má sọ fún àwọn ayálégbé tó kù.

Alága àwọn onífóònù ò dá mi lóhùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó ní òun mọ ọ̀rọ̀ mi kí n tó wá, òun sì ti ń retí ìgbà tí màá fẹnu ara mi sọ ọ́. Lọ́jọ́ kẹta, ó ní kí n gbé tábìlì síwájú ṣọ́ọ̀bù àbúrò òun, ọ̀sán nìkan. Mo ra ìwé. Mo ti kọ fóònù 11 sínú rẹ̀. Ìkejìlá, ọmọkùnrin kan ló gbé e wá, ojú rẹ̀ fọ́, fóònù tó lówó lórí ni, èrè rẹ̀ á tó ₦6,000 fún mi. Mo ní kó tẹ *#06#. Ó ní kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Mo ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Ó wo ìwé, ó wo ẹsẹ̀ mi, ó gba fóònù rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Wọ́n ṣe é fún un níbẹ̀. Ara ta mí o, mi ò ní purọ́. Alẹ́ ọjọ́ yẹn, gàrí la jẹ.

Ọmọ_Sángo

Ẹ̀gbọ́n, ibo ni tábìlì yẹn wà? Ibi tí mo ti ń ki fóònù mi bọ iná ti ń mì.

BàbáÌbejì_Olómi

Màá fi ránṣẹ́ sí ọ ní kọ̀rọ̀. Mú páálí rẹ̀ dání bó bá ṣì wà.

Ẹlẹ́sẹ̀Kan_Abẹ́òkúta

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò dá mi lóhùn nípa róbà ọ̀pá.

BàbáÌbejì_Olómi

Há, mo ti ṣe é! ₦500 ni fọkanáísà gbà. Ti ọkadà ló kọ́kọ́ gé, ó jẹ tán láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ẹ sọ fún un kó gé e lára táyà tírélà.